Fọ́nrán Inú Ẹran Ara

Yàrá kan wà níbi iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣe nílùú òyìnbó tó tutù ju ìta lọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ni òtútù ti ń bá mi jà, mo sì ń tu ara mi nínú pé tí n bá ti wọ inú ilé, ó parí. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Marsh, mú mi gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ara mi balẹ̀. Ó wá ṣí ilẹ̀kùn kan tó nípọn bí ògiri, èéfín funfun rú jáde, ó ní, "Ibí ni wàá ti máa ṣiṣẹ́."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí à ń ṣe níbí máa ń bàjẹ́ nínú ooru," ó ní. "Wọ kóòtù méjì."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọ kóòtù tó bá fẹ́ wọlé nìyẹn, tó ń bọ́ ọ tó bá fẹ́ jáde. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí tẹlifóònù, wọ́n ní, "Ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe ni?"

Ẹran ni iṣẹ́ wa. Ehoro ni wọ́n ń pa. Ẹlòmíràn ló ń pa á, orí tábìlì ni èmi máa ń bá a. Màá yọ ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti itan, màá lọ̀ ọ́, màá fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ léraléra, màá wá fi asitóònù fa gbogbo omi ara rẹ̀ títí á fi gbẹ di ìyẹ̀fun funfun. Asitóònù yẹn náà ni àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná. Òórùn rẹ̀ ò kúrò nínú irun mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́hùn-ún. Tí a bá da omi tútù sórí ìyẹ̀fun náà, nǹkan kan á yọ́ jáde láti inú rẹ̀ sínú omi. Nǹkan yẹn ni wọ́n ń pè ní áktìnì. Torí rẹ̀ ni Dókítà Marsh ṣe ń jí láràárọ̀.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni èmi náà á ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Áktìnì wà nínú ẹran ara gbogbo wa, ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí apá lè ká, kí ẹsẹ̀ sì lè gbé ara. Nínú omi tútù tí kò níyọ̀, hóró kéékèèké tó rí roboto ni, kálukú wà láyè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ta iyọ̀ díẹ̀ sí i, tó sì jẹ́ kó móoru díẹ̀, àwọn hóró náà á bẹ̀rẹ̀ sí í di ara wọn mú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló máa ń le. Méjì á so pọ̀, wọ́n á tú. Ìgbà tí bíi mẹ́ta bá tó so pọ̀ tí wọn ò tú, ìgbà yẹn ni àwọn yòókù á máa sáré wá, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ọn lórí àti nídìí, títí wọ́n á fi di fọ́nrán gígùn, ìlà méjì tó lọ́ mọ́ra.

Ojú lásán ò lè rí i. Ohun tí a fi ń mọ̀ ni pé a máa ń da omi náà sínú ọ̀pá gíláàsì kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, a óò tẹ aago, a óò máa wo bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Tí kò bá sí fọ́nrán nínú rẹ̀, wàà ló máa já. Tí fọ́nrán bá ti wà níbẹ̀, á máa fà bí ọbẹ̀ ilá. Tí a bá fẹ́ tú u, a óò dà á sínú àpò kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ ìfun, a óò rì í sínú omi tí kò níyọ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ mélòó kan, gbogbo fọ́nrán náà ti tú, kálukú ti padà sáyè rẹ̀. A tún lè ta iyọ̀ sí i kí wọ́n tún so. Mò ń so ó, mò ń tú u, mo tún ń so ó. Iṣẹ́ tí mo rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ lọ ṣe nìyẹn.

*

Onitsha ni mo ti lọ. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá tí mo pàdé lọ́hùn-ún, á ní, "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n níbo ni ilé yín gan-an?" Màá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkàn rẹ̀ á wá balẹ̀. Àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ń dárúkọ yìí, ìgbà ọdún Iléyá nìkan ni mo ń dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín torí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ti ń ta aṣọ ní Main Market kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì ń mu ọmú. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa, Mama Nwaka, ń tọ́ ọmọ ọwọ́ tiwọn nígbà yẹn, Nwakaego, ọmọbìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Nwaka. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé mi, wọ́n fi mí sí ọmú kejì. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́n, Igbo ni mo fi ń sunkún, Igbo ni mo fi ń ṣeré. Bàbá mi ló ń fipá kọ́ mi ní Yorùbá tí wọ́n bá ti ọjà dé, "kí wọ́n má baà tà ọ́ lójú ara rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pe àwa Yorùbá ní ofe mmanu, nítorí epo tó máa ń léfòó lórí ọbẹ̀ wa. Nwaka na ọmọ kan nítorí ọ̀rọ̀ yẹn títí imú rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí a délé, òun fúnra rẹ̀ ló pè mí bẹ́ẹ̀.

A jọ parí ilé ìwé ni, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Sáyẹ́ǹsì ni àwa méjèèjì fẹ́ràn. Tíṣà wa kan tó jẹ́ òyìnbó bá wa wá àyè ká lọ kọ́ṣẹ́ láàbù nílùú rẹ̀, ó sì rí i fún àwa méjèèjì. Oṣù tí a fẹ́ lọ ni Mama Nwaka ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí wọn kán. Nwaka ní òun ò lọ mọ́. Mo ní èmi náà ò lọ mọ́ nìyẹn. Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú.

"Tí o bá dúró, ṣé ìyẹn lá jẹ́ kí egungun wọn so?" ó bi mí. "Lọ. Kọ́ ọ mọ́ tèmi."

Mo lọ. Inú bàbá mi dùn. Mama Nwaka gbé ọwọ́ lé mi lórí láti orí ibùsùn tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, kò sì sóhun tí mo ṣe tó burú. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kàn mi láìmọye ìgbà, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn, ó ń ṣe mí bí ẹni tó jókòó sórí àga ẹlòmíràn, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ fún un pé kó dìde.

*

Nwaka fẹ́ tíṣà kan, wọ́n ń gbé ní Obosi tí kò jìnnà sí Onitsha, ṣùgbọ́n ó máa ń wá sílé tí mo bá fẹ́ pè. Ẹni tó ń ta oògùn òyìnbó ní òpópónà wa ló ní tẹlifóònù. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù níbi tí mo wà, kí n sì ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n máa retí mi lọ́sàn-án ọjọ́ báyìí. Ohùn wọn máa ń jáde bíi pé inú kànga ni wọ́n wà. Gbogbo wa á máa pariwo.

"Ó fà," ni mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí áktìnì tí èmi nìkan ṣe nípọn dáadáa.

"Kí ló fà?" bàbá mi bi mí.

"Áktìnì mi, Bàbá. Mo ta iyọ̀ sí i, ó sì fà."

Wọ́n ní, "Ṣé ara rẹ le ṣá?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Nwaka lẹ́yìn wọn. Ó gba tẹlifóònù, ó bi mí ní Igbo pé ṣé ó fà bí ilá ni àbí bí ogbono. Mo ní ó sún mọ́ ilá. Ó ní kí n tún un ṣe títí á fi dà bí ogbono. Dókítà Marsh ti yìn mí lọ́jọ́ náà, ó ní ọwọ́ mi dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Nwaka yẹn ni mo rò títí mo fi dé yàrá mi.

Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn wọn yí padà. Nígbà kan tí mo pè, Nwaka ò bá mi ṣe àwàdà. Ó ní àwọn èèyàn àwọn ń sá bọ̀ láti Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, ọkọ̀ lórí ọkọ̀, àwọn mìíràn ò ní ju aṣọ ọrùn wọn lọ. Ó ní àwọn ò tíì rí àbúrò ọkọ òun. Mo ní, "Ndo," bí àwọn Igbo ṣe ń bá ara wọn kẹ́dùn. Ó ní, "Ẹ̀n." Àkókò wa tán.

Nígbà tí mo tún pè, bàbá mi ní àwọn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìjọba ibẹ̀ ti ní kí àwọn tó ti Ìwọ̀-Oòrùn wá máa lọ. "Mama Nwaka ti dín ẹran sínú agolo fún mi," wọ́n ní, bíi pé ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé Mama Nwaka fi ọ̀pá rìn, tàwọn ti ìbàdí wọn tí kò jinná dáadáa, wọ́n sin bàbá mi dé ìdí afárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun bẹ̀rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kí wọ́n pe Onitsha fún mi, ohùn obìnrin kan á dá mi lóhùn pé kò sọ́nà. Ó máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé òjò ló ń rọ̀.

*

Àwọn àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n: àwọn ọmọdé tí ikùn wọn wú, tí ẹsẹ̀ wọn rí bí igi ìṣáná. Mò ń jẹun ọ̀sán pẹ̀lú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ó fọwọ́ kan àwòrán kan, ó ní, "Ṣé ibí lo ti wá?"

Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gba ìyà tí mi ò jẹ mọ́ra. Bàbá mi ń jẹ iyán ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá ní rárá, mo ti sẹ́ ẹni tó fún mi lọ́mú.

"Ibẹ̀ ni mo ti dàgbà," mo ní.

Ojú gbogbo wọn rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣàánú mi. Ẹnì kan fi òwú hun ìbọ̀wọ́ fún mi. Ẹlòmíràn máa ń fi kéèkì sílẹ̀ sórí tábìlì mi. Wọ́n ń bá mi ṣọ̀fọ̀, mo sì ń sanra. Ìbọ̀wọ́ náà móoru gan-an. Mo lò ó títí òtútù ọdún yẹn fi lọ, kò sì sí ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ tí ojú ò tì mí.

Mo gbìyànjú láti máa wà láàárín àwọn tiwa. Àwọn Yorùbá tó wà nílùú náà máa ń pàdé lọ́jọ́ Sunday nílé ẹnì kan, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á gbọ́ redíò. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ọmọ ogun ìjọba ti wọ ìlú Igbo kan, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo gbé abọ́ mi kalẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí wò mí, ó ní, "Ìwọ, ṣé Igbo ni ọ́ ni?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní rárá. Èsì yẹn rọrùn lẹ́nu mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò padà lọ síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú yàrá òtútù, mo bi Dókítà Marsh pé, "Tí èèyàn ò bá rí oúnjẹ jẹ, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí fọ́nrán inú ẹran ara rẹ̀?"

Ó mọ ohun tí mò ń béèrè. Kì í ṣe ẹni tó máa ń fi irọ́ tu èèyàn nínú. "Ara á máa jẹ ẹ́," ó ní. "Tí ọ̀rá bá ti tán, ara á máa tú ẹran ara rẹ̀ palẹ̀, kí ọkàn àti ọpọlọ lè rí nǹkan lò."

"Bí a ṣe ń tú u níbí?"

"Rárá. Tiwa, hóró rẹ̀ ṣì wà lódidi, ó lè tún so. Tiwọn, hóró náà gan-an ni ara ń gé wẹ́wẹ́ tó fi ń dáná."

"Tí oúnjẹ bá wá dé ńkọ́?"

"Ara á ṣe tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà." Ó gbé ọ̀pá gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Àwọn ọmọ kéékèèké, mi ò lè ṣèlérí."

Ó wà lára iṣẹ́ mi pé kí n gbé ìyókù ehoro lọ síbi tí wọ́n ti ń sun ún. Ẹran ẹ̀yìn àti itan nìkan là ń lò. Ìyókù, tó tó se ìkòkò ọbẹ̀ kan, iná ló ń wọ̀. Mo ti ń gbé e lọ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, mi ò rò ó rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé korobá náà dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Mi ò sunkún. Ẹsẹ̀ mi ni kò lọ. Mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ kí Dókítà Marsh tó dé ẹ̀yìn mi. Ó gba korobá lọ́wọ́ mi, ó lọ dà á fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń dà á, tòun ti bó ṣe jẹ́ ọ̀gá, a ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

*

Iṣẹ́ náà ń dára lọ́wọ́ mi sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Mo rò pé ó yẹ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n.

Ohun kan wà tí Dókítà Marsh ń wá. Tí a bá ta iyọ̀ sí áktìnì, á fà, á tún fà sí i, á wá dé ibì kan tí kò ní fà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, bákan náà la máa bá a. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Ó mi orí.

"Mi ò rò pé ó parí," ó ní. "Mo rò pé àwọn kan ṣì ń bọ́ kúrò, àwọn mìíràn ṣì ń wọlé. Iye wọn ló kàn bára mu."

Kò tíì lè fi hàn nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn ẹlòmíràn fi hàn pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn: fọ́nrán kan lè máa gùn lórí kan, kó máa tú lórí kejì, kí gígùn rẹ̀ má sì yí padà. Èèyàn á padà wá bá a bó ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn hóró tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo kà á, ọkàn mi lọ sí àgbàlá wa ní Onitsha, bí àwọn ayálégbé ṣe ń kó wọlé tí wọ́n ń kó jáde, tí àgbàlá ò sì yí orúkọ padà. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe áktìnì. Ẹni tó bá jáde mọ̀ pé òun jáde.

Ọjọ́ tí inú mi dùn jù nílùú òyìnbó ni ọjọ́ tí Dókítà Marsh mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń sọ ohun tí ojú ò lè rí di ńlá. Ó kán díẹ̀ nínú omi áktìnì mi sí i, ó ní kí n tẹjú mọ́ ojú gíláàsì aláwọ̀ ewé kan. Mo rí wọn. Wọ́n pọ̀ lọ súà, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ara wọn bí irun tó já sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dirun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe wọ́n, mi ò rí ọ̀kan rí.

"Ìwọ lo ṣe gbogbo wọn," Dókítà Marsh ní.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò rántí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti máa ń dúró dè mí. Mo ti tò ó lẹ́nu bí mo ṣe máa ròyìn ohun tí mo rí fún wọn.

"A ti gba Onitsha," wọ́n ní kí n tó sọ nǹkan kan.

Orí redíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ, bí redíò ṣe sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní ọjà ti jóná. Wọ́n wá tún ní, "Mo ní a ti gbà á." Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Àwa wo?"

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún. Mi ò gbọ́ ẹkún bàbá mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún wọn mọ́, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

*

Nígbà tí ogun parí, mo padà wálé. Bàbá mi ní kí n dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́. "Tí o bá dé Onitsha, kí lo fẹ́ sọ fún wọn?" wọ́n bi mí. Mo lọ.

Ògiri dúdú ló kù nínú ọjà, àwọn èèyàn sì ti tẹ́ ẹní sáàárín wọn, wọ́n ń ta iyọ̀, wọ́n ń ta ọṣẹ. Ní àgbàlá wa, obìnrin kan tó dá mi mọ̀ sọ fún mi pé Nkwelle Ezunaka ni Mama Nwaka àtàwọn èèyàn wọn sá lọ, nílé ẹbí wọn kan. Kò jìnnà. Mo dé ibẹ̀, mo kọjá lára obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé.

"Ofe mmanu," ó ní lẹ́yìn mi.

Mo yíjú padà. Ohùn yẹn nìkan ló kù lára Nwaka tí mo mọ̀. Nígbà tí mo dì mọ́ ọn, egungun ni mo dì mọ́. Ọkọ rẹ̀ ò tíì padà láti ojú ogun, kò sì padà títí di òní. Ọmọbìnrin rẹ̀, Ifeoma, jókòó sórí ẹní. Ọmọ náà ti ń rìn kí ebi tó dé, ó wá pa ìrìn tì.

"Mama ńkọ́?" mo bi í.

Ó fi àgbọ̀n júwe ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ jọ. Mo wo ibẹ̀. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn.

Ó ní kí n jókòó, kí n wá sọ ohun tí mo lọ kọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ehoro, ti ìyẹ̀fun, ti iyọ̀, ti fọ́nrán. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

"Ìyókù ẹran yẹn ńkọ́?" ó ní.

"Wọ́n ń sun ún."

Ó tẹjú mọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ń sun ún," bí ẹni tó ń parí ìtàn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo rí iṣẹ́ láàbù nílé ìwòsàn kan ní Onitsha. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ sí Nkwelle. Mò ń gbé mílíìkì lọ, ẹyin, edé, ẹ̀wà, aṣọ, oògùn aràn. Tí mo bá dé, màá fi àdí ra ẹsẹ̀ Ifeoma, màá gbé e dúró, á sì jókòó padà. Mo mọ ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ yẹn, bí ara ṣe ń fi oúnjẹ ṣe hóró tuntun, tí hóró ń di fọ́nrán. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n ò mú un yá. Ìgbà mìíràn, màá di ẹsẹ̀ náà mú, màá rò pé Dókítà Marsh ò ṣèlérí fún mi.

Ìgbà òjò ti wọlé dáadáa kí ọmọ náà tó di àga mú lọ́jọ́ kan tó dìde fúnra rẹ̀. Ó ṣubú. Ó tún dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń rìn mọ́ ara ògiri. Lọ́jọ́ tó kúrò lára ògiri tó lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, Nwaka kàn gbé ìkòkò kúrò lórí iná kó má baà jó ọmọ náà.

Mo rò pé ọkàn mi máa balẹ̀ nígbà náà. Ẹrù tí mò ń gbé lọ tún pọ̀ sí i ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé pẹ̀lú báàgì méjì. Nwaka gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó gbé wọn sí ìta.

"Kí ló dé?" mo ní.

"Gbogbo ìgbà tí o bá wá, ẹrù lo máa ń gbé. Wàá gbé ẹrù kalẹ̀, wàá wo ẹsẹ̀ ọmọ, wàá ní o ti jẹun, wàá máa lọ. Láti ìgbà tí o ti dé, o ò tíì béèrè bí Mama ṣe kú."

"Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Mo mọ̀. Jókòó."

Mo jókòó sórí pèpéle. Ó jókòó tì mí. Ó ní Mama máa ń gbé oúnjẹ wọn fún Ifeoma, wọ́n á ní àwọn ti jẹ tàwọn lẹ́yìnkùlé. Ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni, òun sì ń gba oúnjẹ náà lọ́wọ́ wọn nítorí ọmọ. Ó sọ ìyẹn láìwo ojú mi.

"Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ," ó ní.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n á ní, ọmọ yẹn tó wà níbi òtútù, ṣé ó ń rí oúnjẹ jẹ? Ta ló ń se oúnjẹ fún un? A ò ní nǹkan kan nínú ilé, bóyá o ń jẹun ni wọ́n ń bi mí. Ó wá sú mi. Lọ́jọ́ kan, mo pariwo mọ́ wọn. Mo ní, Mama, ó ń jẹun, ó ń jẹun dáadáa níbi tó wà."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Inú wọn dùn. Wọ́n ní, ìyẹn dára. Wọn ò béèrè mọ́ títí wọ́n fi lọ."

Nwaka dìde, ó wọlé, ó gbé abọ́ iṣu àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ jáde, ó gbé e síwájú mi. Mi ò tíì jẹun nínú ilé yẹn rí. Mo ní kí òun àti ọmọ jẹ ẹ́.

"Mo ní kí o jẹun," ó ní.

Mo jẹun. Mò ń gbé e mì, omijé sì ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò mí títí iṣu inú abọ́ fi tán.

"Ṣé ó tó?" ó bi mí.

Mo ní ó tó. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó tún lọ bu òmíràn wá.